Òkúta Tí Mo Ní Ó Tàsé

Ẹ fi dáìsì sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ. Kaija, jọ̀ọ́, jókòó. Anders, má tíì ní kí wọ́n nawọ́ sókè, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìbò. Marlys, pa omi ẹ̀rọ yẹn nínú ilé ìdáná kí o wá jókòó tì wá, torí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́. Láti ìgbà tí a ti jẹun tán lẹ ti ń jiyàn bóyá ọfọ̀ tí Kaija fẹ́ mú, ọfọ̀ tí í pe ìkookò mẹ́jọ jáde látinú igbó, yóò ba eré orí tábìlì wa jẹ́, mo sì jókòó síbí bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbọ́. Mo gbọ́ nígbà tí Anders ní, "Kí la tún ń jiyàn sí? Òfin Tveit ti parí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà ibí." Èmi ni Tveit náà. Èmi Harlan Tveit, adarí eré yín, tí ẹ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé kì í ṣègbè. Orí irọ́ ni mo gbé òfin yẹn kalẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, mo sì ti pinnu pé òní lọjọ́ náà. Dókítà ní Duluth sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bó bá wù ú, n kò sì fẹ́ gbé ẹrù yìí lọ bá ẹni tí mo ṣẹ̀, torí ó ti ṣáájú mi lọ. Kaija, bàbá àgbà rẹ ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, àwa mẹ́rin la bẹ̀rẹ̀ eré yìí, tí adarí ń sọ ìtàn, tí oníkálukú ń ṣe akọni kan nínú rẹ̀, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí tí àwọn èèyàn bá ti mu kọfí wọn tán. Marlys yìí wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í gbé páànù ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún rẹ̀ wá. Roy Beaulieu wà níbẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ tí í gbá yìnyín kúrò lójú títì, kó tó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Bemidji. Ẹnì kẹta ni Eino Saarela, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìwakùsà irin. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ tí Helmi ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń po búrẹ́dì àwọn ará Finland tí wọ́n ń pè ní pulla, á sì fi aṣọ ìnuwọ́ wé e wá fún wa nígbà tó ṣì gbóná. Ẹnì kẹrin lèmi.

Èmi ni mò ń darí eré, mo sì fẹ́ sọ ìdí tó fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ lè tètè dárí jì mí, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó hu ìwà náà ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe dàgbà ni pé mò ń wọn àwọn ọkọ̀ agbégi lórí òṣùwọ̀n ní ilé iṣẹ́ bébà. Awakọ̀ á wọlé, màá ka òṣùwọ̀n, awakọ̀ á jáde. N kò láya, n kò bímọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, kò sí ẹni tó ń dúró de ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti gbé páálí ìbòjú tí mo fi ń bo dáìsì mi nàró báyìí, tí mo ní, "Ilẹ̀kùn náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀," àgbàlagbà mẹ́ta á gbàgbé kọfí tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á máa wò mí lẹ́nu. Ẹni tí kò dá gbé ilé rí lè má mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó.

Nínú eré náà, adáhunṣe igbó ni Eino ń ṣe. Ó ń fi ewé wo ọgbẹ́ wa, ó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀, títí agbára rẹ̀ fi dé ibi tó lè mú ọfọ̀ ìpè. Lọ́sẹ̀ tó mú un, ó gbé agolo kékeré kan wá, ó da bọ́tìnnì mẹ́jọ jáde sórí tábìlì. Inú bọ́tìnnì tí Helmi kó jọ ló ti ṣà wọ́n. Agolo yẹn náà ló wà níwájú Kaija yẹn.

Eino ní, "Àwọn ìkookò mi nìyí."

Roy na ọrùn wò wọ́n. Ó ní, "Bọ́tìnnì ẹ̀wù lèmi rí o."

"O ò wò ó dáadáa ni," Eino dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi àlejò han ará ilé. Musti, Halla, Peni, Tuisku, Ruska, Jekku, Lumi. Àwọn ajá tó ń fà á lórí yìnyín nígbà èwe rẹ̀ ni wọ́n, kó tó di pé ó wọ inú kùsà. Ó mọ èyí tó ń sá fún ààrá, ó mọ èyí tó ń jí ẹja jẹ. Ó wá ku bọ́tìnnì pupa kan. Marlys ní, "Eléyìí ńkọ́?" Eino fi ìka kàn án, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Helmi nìyẹn. Bí mo bá kó ajá jáde tí n kò mú un dání, ẹ rò pé màá gbádùn bí mo bá dé ilé?" Ìkookò Helmi yìí kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ. Bí àwọn méje bá ti sáré lọ bá ọ̀tá, Eino á rọra fa bọ́tìnnì pupa náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ adáhunṣe rẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ni Helmi ń ṣe, á ní, "Ó ń ṣọ́ mi."

Kí n má parọ́ mìíràn lórí èyí tí mo wá jẹ́wọ́: ọfọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìkookò mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Eino á sún wọn, á sì mi dáìsì fún ìkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ Eino ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Dáìsì á bọ́ sábẹ́ tábìlì, a ó máa wá a, Eino á gbàgbé ẹni tó kàn. Roy a máa yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Eino, jẹ́ kí n lọ gbá òpópónà kan, kí n padà wá bá ọ lórí Tuisku." Eino á ní, "Lọ, má kánjú. Jekku ṣì wà lẹ́yìn Tuisku." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú Marlys. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo fi gbogbo ìgbà òtútù kan kọ ìtàn òmìrán kan, Thurgald lorúkọ rẹ̀. Mo fún un ní ìyá, mo fún un ní ọgbẹ́ ọkàn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín kun ère rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Kò sí ẹni tó rántí orúkọ rẹ̀. Baba Gígùn ni Roy ń pè é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé etí òsì Peni ti ya, Marlys yìí kan náà a sì máa ya ẹran díẹ̀ sọ́tọ̀ létí àwo rẹ̀, á ní ti Lumi ni. Nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, bọ́tìnnì ni wọ́n ń wò. Ìlara ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin bí èmi, mò ń jowú bọ́tìnnì.

N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Mo wọ ẹ̀wù òdodo fún ìlara mi. Mo ní ọfọ̀ náà ti mú kí eré tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yẹ ká yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan la fi fa ọ̀rọ̀ náà, lórí kọfí, lórí abọ́ tí a ń fọ̀, títí dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí nínú òtútù. Mo ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ń ja ìjà ẹni mẹ́sàn-án. Kí ni Roy wá ń fi idà rẹ̀ ṣe?" Roy ní, "Mò ń fi gé pulla." Marlys kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé n kò ṣeré.

Ó ní, "Harlan, ọfọ̀ yẹn ní ẹ̀rọ̀. Ìwé òfin sọ pé ẹni tó pe ìkookò gbọ́dọ̀ fọkàn sí wọn. Bí ọ̀tá bá lù ú dákú, gbogbo wọn á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìkookò lo máa ń rán àwọn ọ̀tá rẹ sí, tí o kì í rán wọn sí ẹni tó pe ìkookò?"

Mo ní, "Kò lè ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ìkookò á ti fà wọ́n ya."

"O ti dán an wò?"

"N kò nílò kí n dán an wò kí n tó mọ̀."

"Èmi asè-oúnjẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí," Marlys wí. "Ẹni tí kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò, kó má sọ pé iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀."

Eino ń fi àtàǹpàkò nu ojú àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi bínú síra yín." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹnu kò pé ká dán an wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Eino á pe ìkookò rẹ̀, èmi á gbé Thurgald jáde, màá sì rán an sí Eino tààrà bí Marlys ti wí. Bí òmìrán bá lè fọ́ ọfọ̀ náà, a jẹ́ pé ó ní ẹ̀rọ̀ lóòótọ́, kí ọfọ̀ máa bẹ lọ. Bí kò bá lè fọ́ ọ, kí a yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì yìí títí láé. Mo ní mo gbà. Mo sì gbà lóòótọ́ nígbà yẹn, ẹ má rò pé mo ti pète irọ́ láti ilé.

Ẹ mọ àṣà wa. Adarí eré nìkan ló ń rí ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn páálí ìbòjú. Ẹnikẹ́ni kì í yọjú, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè. Bí adarí bá ní mẹ́ta ni, mẹ́ta náà ni. Lórí ìgbàgbọ́ yẹn ni gbogbo eré dúró lé. Lọ́jọ́ náà, Eino pe àwọn ìkookò rẹ̀ lórúkọ, ó tò wọ́n yí Thurgald ká, ó fa Helmi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó kàn mí. Mo ní, "Òmìrán náà kò wo ìkookò kankan. Ó fa òkúta kan tu kúrò nílẹ̀, ó sọ ọ́ sí adáhunṣe." Eino fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo bọ́tìnnì pupa, bí ẹni pé òkúta tòótọ́ ló ń bọ̀. Mo mi dáìsì olójú ogún, mo jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn páálí. Ó yí, ó kọ lu ìdí Thurgald, ó dúró. Ogún ni.

Ẹ mọ ohun tí ogún jẹ́ nínú eré yìí. Ogún kì í tàsé. Òkúta yẹn tó láti sọ adáhunṣe náà dákú, kí ìkookò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì pòórá, kí Marlys jàre, kí ọfọ̀ náà sì wà. Bí mo bá sọ òótọ́, àwọn ìkookò ì bá lọ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí Eino fi kú. Mo gbójú sókè. Kò sí ẹnì kankan tó ń wò mí. Ọwọ́ Eino ni gbogbo wọn ń wò. Marlys pàápàá, tó yẹ kó máa fẹ́ kí òkúta náà bà á, mo rí i tó di ẹnu mú, ó ń bẹ̀rù fún Helmi. Nǹkan kan le nínú mi. Mo ní, "Mẹ́ta. Ó tàsé." Mo sì fi ìka mi yí dáìsì náà, kí ó má bàa máa wò mí.

Marlys ní, "Ó tàsé?" Mo ní, "Ó tàsé." Kò bèèrè mọ́, torí kò sí ẹni tó ń bèèrè.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù létí mi títí dòní. Àwọn ìkookò ya bo òmìrán náà, n kò sì jẹ́ kó jà dáadáa, mo ń jẹ́ kí gbogbo ọwọ́ rẹ̀ máa lu afẹ́fẹ́. Láìpẹ́ Thurgald wó lulẹ̀, tòun ti ìyá rẹ̀ àti ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀. Roy fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Baba Gígùn ti di Baba Gbọọrọ." Eino dìde. Ẹ̀yin yòókù kò mọ̀ ọ́n, bàbá tí kì í dìde ní kíákíá ni nítorí eékún rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń kígbe orúkọ àwọn ajá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fà lórí yìnyín. Láti ìgbà ìsìnkú Helmi, a kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ayọ̀ ti mú kó gbàgbé àdéhùn wa, ó rò pé wọ́n ti gba ara wọn là. Kò rántí pé ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni mo máa fi dá wọn lẹ́bi. Mo dúró kí ayọ̀ náà rọlẹ̀, mo wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ ti fojú ara yín rí i. Ọfọ̀ yìí kò ní ẹ̀rọ̀."

Marlys wo tábìlì títí. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti jẹ̀bi." Marlys, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Ìwọ lo jàre láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì jẹ́ kí o jókòó sórí àga yẹn kí o máa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi. Má wò mí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́. Jẹ́ kí n parí rẹ̀.

A ní ká dìbò láti fọwọ́ sí i. Eino ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé kí wọ́n lọ. Ó ní, "Bí ajá bá ń gbó tí kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn, ojúṣe olówó rẹ̀ ni kó mú un wọlé." Roy nawọ́ tẹ̀ lé e, ó ń wo ilẹ̀. Marlys nawọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí a máa bá ìrìn àjò lọ. Ni Eino bá ní, "Harlan, ṣé màá lè dágbére fún wọn kí wọ́n tó lọ? Kò ní pẹ́. Orúkọ wọn nìkan ni mo fẹ́ pè, kí adáhunṣe mi fi ọwọ́ kàn wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan." Ẹ wo nǹkan tí bàbá yẹn tọrọ. Mo sì mọ ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìkẹyìn. Bí mo bá gbà, n kò ní lè wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá dé orí bọ́tìnnì pupa. Nítorí náà mo ní, "Eré ni, Eino. Kò sí dágbére nínú òfin."

Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ ló mọ̀ ọ́n." Ó kó méje dà sínú agolo. Ó fi pupa sínú àpò àyà rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ì bá rọrùn fún mi. Kò bínú. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé pulla wá, ó gbóná bí ti tẹ́lẹ̀, ó sì kọ́kọ́ gé tèmi. Ó fi adáhunṣe sílẹ̀, ó ń ṣe jagunjagun aláàáké tí kì í pẹ́ nígbà tó bá kàn án. Á gbé àáké sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á wo Roy, á ní, "Mo yá báyìí, àbí?" Roy á ní, "O yá gan-an, Eino." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín bí i ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lórí tábìlì yẹn. Wọ́n ti padà ń wò mí lẹ́nu, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi mọ́. Àwọn míì tó wá ń darapọ̀ mọ́ wa gbọ́ nípa ìdánwò náà, wọ́n ń pe ìdájọ́ mi ní Òfin Tveit, wọ́n ń yìn mí pé mo fi ẹ̀rí ṣèdájọ́. Mo ń gba ìyìn náà, mo sì ń pa òótọ́ mọ́ra.

Nígbà tí àìsàn dá Eino dùbúlẹ̀, mo lọ kí i nílé ìwòsàn. Mo ra pulla lọ, torí ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Mo ti fi gbogbo ọ̀nà kọ́ ohun tí màá sọ: Eino, ogún ni, kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò gbọ̀n mọ́ nígbà yẹn, kò lágbára tó fi máa gbọ̀n. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Harlan, mo ti sọ fún Kaija pé bó bá padà sílé, kó wá bá yín ṣeré. Ibẹ̀ dáa. O kì í yan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn páálí yẹn lo máa ń sọ." Mo wò ó, mo rí i pé inú rẹ̀ balẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni rere lòun fi ọmọ òun sí. Mo ní, "O ṣeun, Eino." Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi láti ìgbà náà pé torí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́. Irọ́ ni ìyẹn náà. Mo dákẹ́ torí pé ó dùn létí mi.

Lónìí Kaija jókòó sórí àga rẹ̀, ó da bọ́tìnnì mẹ́jọ sórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ ọfọ̀ tí bàbá àgbà òun fẹ́ràn. Anders dá a dúró pẹ̀lú orúkọ mi. Kaija, mo rí ọ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà sínú agolo. O kò jiyàn púpọ̀. O ní, "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá Tveit." Bí Eino ti sọ ọ́ gan-an lo sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi ni mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ní kí n dá ẹjọ́ ọfọ̀ náà. Mo dá a báyìí, pẹ̀lú ojú tó là. Ọfọ̀ náà le, Anders, o kò parọ́. Ó ń fa eré gùn bí ẹni tó ń mú un kò bá múra sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mi dáìsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a sún àwọn bọ́tìnnì. Ohun tó yẹ ká ti ṣe fún Eino nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó sì ní ẹ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ̀ tí Marlys sọ: ẹ lu ẹni tó pè wọ́n. Kaija, màá lù ọ́. Màá sọ òkúta sí ọ láìbojú wẹ̀yìn, bí ó bá sì bà ọ́, àwọn ìkookò rẹ á pòórá lójú rẹ, inú rẹ kò ní dùn, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì wàá tún pè wọ́n. Òfin Tveit ti kú. Ẹ má fi orúkọ mi pe òfin kankan mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ọjọ́ kan lẹ ó jókòó sẹ́yìn irú páálí yìí. Bí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé ẹ̀ ń jà fún ìdọ́gba, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń dùn yín. Èmi kò bi ara mi, ẹ wo ibi tó gbé mi dé. Marlys, mo gba àre rẹ lọ́wọ́ rẹ, mo dá a padà fún ọ lójú gbogbo wọn. Màá kọ̀wé sí Roy náà. Kaija, n kò ní ohun tí mo lè dá padà fún ẹni tí mo ṣẹ̀ jù, ìwọ ni mo rí. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é lónìí, má fi ipá ṣe é, ẹni tó ní kí Eino má dágbére kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kán ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ wò ó, mo ti ká páálí náà, mo ti gbé e sílẹ̀ sábẹ́ àga. Ojú tábìlì gbangba yìí ni dáìsì mi á ti máa yí láti òní lọ, bó bá sì jẹ́ ogún, gbogbo wa la ó rí i. Pè wọ́n, Kaija. Bẹ̀rẹ̀ láti orí Musti, kí o fi Helmi ṣe ìkẹyìn, kí o fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kó máa ṣọ́ ọ. Nígbà tó bá tó àkókò tí wọ́n máa lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó, a ó jókòó síbí, a ó dúró kí o dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.